Orúkọ Tí Ẹ̀yínadé Sọ Àwọn Kọ̀ńpútà

Ẹ̀rọ kì í jiyàn. Ohun tó kọ́kọ́ wu Bánjọ lára àwọn kọ̀ńpútà tí ọmọ rẹ̀ kó wá sí gbọ̀ngàn nìyẹn. Ó ti pẹ́ tó ti ń la gẹdú ní Ẹ̀fọ̀n, ó sì mọ̀ pé igi pàápàá máa ń jiyàn. Èèyàn á gbé ayùn lé e, igi á yí ayùn náà sí ẹ̀gbẹ́ nítorí kókó kan tí kò hàn síta. Ọmọ aráyé tún wá burú ju igi lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí, bí Ẹ̀yínadé bá ti wí fún wọn ni wọ́n ń ṣe.

Ọ̀nà tó lọ sí Ìdó-Ilé ni gbọ̀ngàn náà wà, níbi tí àwọn ọlọ́kadà ti máa ń pa ẹ́ńjìnnì kí òkè lè gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bánjọ ló kọ́ ọ. Gẹdú tirẹ̀ ló fi ṣe òrùlé, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi kan gbogbo tábìlì inú rẹ̀. Nígbà tí ilé náà ń ga, àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló fẹ́ fi ṣe, àwọn kan ní ilé àsè ni. Nítorí nǹkan kan ṣoṣo ló ṣe kọ́ ọ: kí Ẹ̀yínadé má baà lọ sí Àbújá.

Ẹ̀yínadé nìkan lọ́mọ tó bí. Ìbàdàn ló ti kọ́ṣẹ́ kọ̀ńpútà, ibẹ̀ ló ti ń ṣe é títí ilé-iṣẹ́ kan ní Àbújá fi ní kó wá. Ó ti fẹ́ jẹ́ wọn lóhùn nígbà tí bàbá rẹ̀ pè é sílé. Ó ní àwọn ọmọ Ẹ̀fọ̀n ń jí ní ìdájí, wọ́n ń wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú onílùú kí wọ́n tó lè fi kọ̀ńpútà ṣe ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì.

"Tí mo bá kọ́ gbọ̀ngàn ìdánwò, ṣé wàá dúró tì mí?"

Ẹ̀yínadé rò ó dáadáa kó tó fèsì. "Tí àjọ tó ń ṣe ìdánwò bá wá wò ó, tí wọ́n bá fọwọ́ sí i, màá dúró, Bàámi. Tí wọn ò bá fọwọ́ sí i, ẹ má dá mi lọ́nà o."

"Wọ́n á fọwọ́ sí i."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fẹnu kò. Àwọn ará Àbújá náà gbà láti dúró dè é títí àwọn olùbẹ̀wò yóò fi dé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún ni àwọn olùbẹ̀wò sì ń rìn.

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tí wọn yóò dé, Ẹ̀yínadé pe bàbá rẹ̀ kó wá wòran. Tòkunbọ̀ ni àwọn kọ̀ńpútà náà. Ó ti nu ohun gbogbo tó wà nínú wọn tẹ́lẹ̀ kúrò pátápátá. Wọ́n tò sórí tábìlì wọn bí ọmọ ilé-ìwé, ojú wọn dúdú, wáyà kọ̀ọ̀kan sì ti ẹ̀yìn wọn lọ sọ́dọ̀ ẹ̀rọ ńlá kan tó wà nínú yàrá kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹ̀yínadé ń pe ìyẹn ní ọ̀gá wọn.

"Kí lo wá fẹ́ ṣe báyìí?" ni Bánjọ bi í.

"Màá tàn wọ́n ni. Mo ti parí iṣẹ́ tèmi."

"Ìwọ nìkan? Gbogbo èyí?"

"Ní Ìbàdàn, nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ni wá. A ó jókòó síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó fi gbogbo ohun tí yóò fi máa ṣiṣẹ́ sínú rẹ̀, a ó tẹ orúkọ fún un, a ó mú un wọ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Tó bá di ọ̀sán, ó ti rẹ̀ wá. Ẹnìkan á lọ tẹ orúkọ kan náà fún ẹ̀rọ méjì. Ìjà dé nìyẹn. Èyí tó dé kẹ́yìn á lé ti àkọ́kọ́ síta."

"Bí ìyàwó tuntun àti ìyáálé."

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ o." Ẹ̀yínadé rẹ́rìn-ín. "Àmọ́ níbí, mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀gá wọn lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹ̀rọ kan bá jí, tí kò bá nǹkan kan nínú ara rẹ̀, á béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá. Ọ̀gá á wo nọ́ńbà tí àwọn tó ṣe é tẹ̀ sí i lára, á mọ tábìlì tó jókòó sí, á fún un lẹ́mìí, á sọ ọ́ lórúkọ, á sì mú un wọ agbo. Mi ò ní fọwọ́ kan ìkankan."

"Láìsí ìyá, láìsí bàbá. Ta ló wá fi oyin tọ́ wọn lẹ́nu?"

"Wọn ò lẹ́nu, Bàámi."

"Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi wọn."

Ó tàn wọ́n. Ìlà àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀, èyí tó tẹ̀lé e mọ́lẹ̀, títí dé ẹ̀yìn. Ojú wọn ń yí padà láti dúdú sí búlúù, ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́wẹ́ ń sáré kọjá, wọ́n kú, wọ́n tún jí. Bánjọ fa àga kan, ó jókòó, ó ń jẹ àgbàdo sísun tó gbé dání wá. Àwọn obìnrin méjì tó ń ti oko bọ̀ gbé ẹrù wọn kalẹ̀ lójú fèrèsé, wọ́n ń wo inú.

"Ọmọ yín ló ń ṣe èyí?" ni ọ̀kan bi í.

"Ọmọ mi ni."

"Kò mà fọwọ́ kàn án."

"Ó ti bá wọn sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀," ni Bánjọ wí, bí ẹni pé òun náà mọ̀ nípa rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà. Ó ti rí i lọ́kàn ara rẹ̀ bí Ẹ̀yínadé yóò ṣe máa ṣí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn yìí láràárọ̀, tí yóò máa ti ibẹ̀ wá jẹun ọ̀sán nílé.

Kó tó jẹ àgbàdo náà tán, gbogbo wọn ti jí pátápátá. Ó dìde, ó ju ṣúkù àgbàdo náà síta, ó lọ wo wọn nítòsí. Bánjọ kò parí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tó kà tó láti ka orúkọ. Láàárín ojú kọ̀ńpútà àkọ́kọ́ ni orúkọ rẹ̀ wà, lẹ́tà ńláńlá, pẹ̀lú nọ́ńbà tábìlì rẹ̀ lẹ́yìn. Ó ka lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó lọ sí ìkejì, ó kà á. Ó rìn dé òpin ìlà náà, ó sì padà wá.

IJURIN ni gbogbo wọn ń jẹ́.

"Ẹ̀yínadé."

"Bàámi."

"Ẹ̀fọ̀n la wà níbí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàámi."

"Kí wá ni Ijurin ń wá lójú ẹ̀rọ inú ilé mi?"

Ẹ̀yínadé ń tún wáyà kan ṣe lábẹ́ tábìlì. Kò gbójú sókè. "Ibẹ̀ ni Màámi wà," ló wí.

Àrínọlá, ìyàwó Bánjọ, ọmọ Ijurin ni. Ìdílé Mùsùlùmí ló ti wá, Bánjọ sì jẹ́ ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Kò sẹ́ni tó bá wọn jà nítorí ìyẹn. Àrínọlá ń gba ààwẹ̀ tirẹ̀, ó ń bá ọkọ rẹ̀ lọ sí ìkórè, ẹní tó fi ń kírun sì wà ní kíká lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá wọn. Ijurin ló kú sí. Ó lọ kí ìyá rẹ̀ ni, àìsàn kan tí wọ́n pè ní ibà kọlù ú lálẹ́, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti kú. Ẹ̀yínadé wà lọ́dọ̀ rẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé ilé-ìwé gíráámà wà ní ìsinmi. Bánjọ wà nínú igbó níbi tó ti ń gé igi, fóònù rẹ̀ kò rí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì.

Múdàṣírù, ẹ̀gbọ́n Àrínọlá, ni olórí ilé wọn. Nínú ẹ̀sìn tiwọn, òkú kì í pẹ́ nílẹ̀. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n dì í ní aṣọ funfun, wọ́n kírun sí i. Ìrun Làásárì kò tíì tó tí wọ́n fi sin ín tán. Nígbà tí Bánjọ fi dé, òkìtì erùpẹ̀ ló bá, ó ṣì tutù.

Múdàṣírù sọ fún un pé òun rán ọlọ́kadà sínú igbó, pé ọkùnrin náà wá a títí epo fi tán lábẹ́ rẹ̀. Bánjọ ní, "Ṣé òkú ń sáré ni? Kí lẹ ń lé?" Láti ọjọ́ náà, kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Bí wọ́n bá pàdé níbi òkú tàbí ìgbéyàwó, Múdàṣírù á kí i, òun á yíjú sí ibòmíràn. Nígbà tí Múdàṣírù rán ìyàwó rẹ̀ wá tọrọ àforíjì, ó fún obìnrin náà lága, ó fún un lómi, ó sì jókòó tì í láìsọ̀rọ̀ títí obìnrin náà fi dìde lọ. Ẹran Iléyá tó bá ti Ijurin wá, ajá ló ń jẹ ẹ́. Kò tún fẹsẹ̀ tẹ ìlú náà mọ́. Ìyàwó tó bá a gbé, tó bímọ fún un, kò rí ojú rẹ̀ kí wọ́n tó bò ó mọ́lẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ní kóun gbàgbé ìyẹn, kí onítọ̀hún kọ́kọ́ gbàgbé orúkọ ara rẹ̀.

Ẹ̀yínadé mọ gbogbo èyí. Ilé tí wọ́n ti ń fi ìbínú yẹn ṣe oúnjẹ ló ti dàgbà.

"Nínú gbogbo ilẹ̀ Èkìtì," ni Bánjọ wí, "orúkọ tó wá sí ọ lọ́kàn nìyẹn."

"Ó ti pẹ́ tó ti wà lọ́kàn mi."

"Yí i padà."

"Mo ti fi àwọn orúkọ náà ránṣẹ́ sí àjọ ìdánwò, Bàámi. Tí wọ́n bá dé lọ́jọ́bọ̀, ẹ̀rọ tiwọn á máa pe tiwa lọ́kọ̀ọ̀kan, ní orúkọ tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Èyí tí kò bá jẹ́ wọn, wọ́n á ní kò sí níbẹ̀."

"Ṣé kò ṣeé yí ni, àbí o ò fẹ́ yí i?"

Ẹ̀yínadé ti abẹ́ tábìlì jáde, ó ń gbọn eruku lórúnkún. Ì bá ti ní kò ṣeé yí, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀, nítorí Bánjọ kò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n Bánjọ ló tọ́ ọ, kò sì tọ́ ọ láti máa purọ́.

"Ó ṣeé yí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni màá yí nínú ohun tí mo kọ sínú ọ̀gá wọn. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù."

"Ta ló ni ilé yìí?"

"Ẹ̀yin ni."

"Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń bẹ lápò mi. Tí mo bá ti òde dé, tí orúkọ yẹn ṣì wà lójú wọn, màá ti ilẹ̀kùn pa. Àwọn tó ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ á wá bá a ní títì."

"Màámi ni mo fi ń rántí, Bàámi. Kì í ṣe Bàbá Ijurin." Bàbá Ijurin ló ń pe Múdàṣírù.

"Èmi náà ń rántí rẹ̀. Ojú rẹ̀ ni mi ò rí."

Ó jáde. Ó rìn lọ sí ìsọ̀ oníbọ́gànáísà tó wà níwájú díẹ̀, ó jókòó lórí táyà kan. Ọkùnrin náà bi í ohun tó dé tí ojú rẹ̀ fi rí báyìí. Ó ní oòrùn ni. Ó jókòó títí inú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, bí inú rẹ̀ ti máa ń rọ̀ díẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bá wò ó. Ó ń ro iye ẹ̀rọ tó wà nínú gbọ̀ngàn. Ó rò pé tí òun bá padà débẹ̀, òun á bá Ẹ̀yínadé lórí ẹ̀rọ kẹta tàbí ìkẹrin, tí yóò máa làágùn, tí yóò máa tẹ orúkọ tuntun fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun á dúró lẹ́nu ọ̀nà díẹ̀. Òun á wá ní, "Fi sílẹ̀. Ó tó bẹ́ẹ̀." Yóò ti hàn pé ọmọ náà gbọ́rọ̀ sí òun lẹ́nu, òun náà yóò sì ti hàn bí bàbá. Ó tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn bí ó ti rò ó. Ó dìde.

Nígbà tí ó wọlé, Ẹ̀yínadé jókòó, ó ká apá gbera. EFON ló wà lójú kọ̀ńpútà àkọ́kọ́. EFON ló wà lójú ìkejì. Ó wo ìlà náà dé òpin, ó wo ẹ̀yìn.

"Ó tán?"

"Ó tán."

"Gbogbo wọn?"

"Mo sọ fún yín, Bàámi. Ọ̀rọ̀ kan ni."

Bánjọ dúró láàárín àwọn tábìlì tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn. Kò sí iṣẹ́ kankan tó kù tí yóò ní kí ó fi sílẹ̀. Láti ní kó dá ohun tí òun fipá mú un ṣe tán padà báyìí, ìyẹn yàtọ̀ pátápátá sí kí ó ní kó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ń la gẹdú, inú lè bí i sí igi kan ní àárọ̀, ṣùgbọ́n igi náà kò ní tíì là dé ìdajì tí ìbínú náà yóò fi lọ. Iṣẹ́ tó ń pẹ́ a máa gba ìbínú lọ́wọ́ èèyàn. Èyí kò pẹ́ rárá.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló wí. "Má yí i padà láìjẹ́ pé mo fẹnu ara mi ní kó o yí i."

"Mo ti gbọ́."

Ẹ̀yínadé kọ̀wé sí àjọ náà lójú ẹsẹ̀ pé orúkọ àwọn ẹ̀rọ ti yí, ó sì fi àwọn orúkọ tuntun ránṣẹ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò rí èsì. Lọ́jọ́rú, ó pè wọ́n lórí fóònù, ẹni tó gbé e ní òun á bá a béèrè. Wọn ò pè é padà. Òun àti bàbá rẹ̀ jùmọ̀ ń jẹun, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa epo jẹnẹrétọ̀ àti omi tí wọn yóò pọn sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá ọ̀rọ̀ orúkọ sílẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, kùrukùru ṣì bo orí òkè nígbà tí olùbẹ̀wò dé. Obìnrin kan ni, ó lo ìgò ojú, ó wọ bàtà pẹlẹbẹ tó fi hàn pé ó ti rìn púpọ̀ lọ́sẹ̀ náà. Ó kí wọn dáadáa. Ó wo jẹnẹrétọ̀, ó ní kí wọ́n pa á, kí wọ́n tún tàn án. Ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wò bóyá ó ń ṣí síta. Ó fọwọ́ kan tábìlì kan.

"Ta ló kan èyí?"

"Èmi ni, mà," ni Bánjọ wí.

"Ó dúró dáadáa. Mo dé ibì kan lánàá tí tábìlì ń jó bí ọmọ bá ti tẹ kọ̀ńpútà."

Àsìkò yìí ni okadà kan dúró níta. Múdàṣírù ló sọ̀ kalẹ̀, ó dé fìlà funfun, ó gbé ọsàn dání nínú àpò kékeré kan. Ẹ̀yínadé ti sọ fún un pé ọjọ́ náà lọjọ́ àyẹ̀wò, ó sì wá kí ọmọ àbúrò rẹ̀. Kò wọlé tán. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú iṣẹ́ níbí o. Bánjọ, mo kí ọ."

Bánjọ ń wo jẹnẹrétọ̀ lójú fèrèsé bí ẹni pé ó fẹ́ tún un ṣe.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Ijurin," ni Ẹ̀yínadé wí kíákíá.

Obìnrin náà ti ṣí kọ̀ńpútà tirẹ̀ lórí tábìlì iwájú, ó ti ki wáyà bọ̀ ọ́. Ó tẹ nǹkan, ó dúró, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀.

"Ẹ̀rọ mi ń pe àwọn tiyín," ló wí. "Ó ń pe Ijurin, Ijurin ò dáhùn. Ó rí àwọn kan tó ń jẹ́ Efon, ṣùgbọ́n àwọn ìyẹn kò sí lára ohun tí wọ́n kó lé mi lọ́wọ́."

"A ti yí orúkọ wọn, mà. Mo kọ̀wé lọ́jọ́ Ajé."

"Ó lè ti dé, kí wọ́n má tíì kà á. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi nìkan ni mo lè fi ṣiṣẹ́." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkanra. "Ṣé ó máa pẹ́ kí ẹ tó dá a padà?"

"Kò ní pẹ́ rárá, mà."

"Ó dáa. Mo ṣì fẹ́ wo ẹ̀yìn ilé, àti ibi tí àwọn ọmọ á ti máa dúró de ara wọn. Tí mo bá padà wọlé tí wọ́n bá ń jẹ́ orúkọ wọn, a ti parí nìyẹn. Gbogbo nǹkan yòókù dáa."

Ẹ̀yínadé kò lọ sínú yàrá ọ̀gá àwọn ẹ̀rọ náà. Ó yíjú sí bàbá rẹ̀.

"Bàámi," ló wí.

Ẹnu Bánjọ ti ṣí. Ó ti rí ọ̀rọ̀ náà, kò tilẹ̀ le tó bí ó ti rò: kó ní kó dá a padà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti dé orí ahọ́n rẹ̀ nígbà tí Múdàṣírù sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

"Bánjọ, orúkọ ìlú lásán ni. Jẹ́ kí ọmọ ríbi ṣe iṣẹ́ rẹ̀."

Bí ẹlòmíràn ló sọ ọ́ ni, bí oníbọ́gànáísà ni, bí obìnrin olùbẹ̀wò náà ni, kì bá tí ṣe nǹkan kan. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tí Bánjọ bá sọ̀rọ̀ báyìí, á dà bí ẹni pé Múdàṣírù ló pàṣẹ tí òun ṣe é. Múdàṣírù á tún ti pinnu, òun á tún ti dé lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti tán. Ó gbé ọ̀rọ̀ tó wà lórí ahọ́n rẹ̀ mì.

"Ẹ̀fọ̀n la wà níbí," ló wí.

Ẹ̀yínadé wò ó fún ìgbà díẹ̀ sí i, bí èèyàn ti máa ń wo òjò bóyá yóò dá. Lẹ́yìn náà, ó jókòó.

Obìnrin náà lọ sẹ́yìn ilé, ó padà. Ó tẹ ẹ̀rọ rẹ̀. "Wọn ò tíì yí i?"

"Rárá, mà," ni Ẹ̀yínadé wí. "Kò ní lè ṣeé ṣe lónìí." Kò tọ́ka sí bàbá rẹ̀. Bí ẹni pé ẹ̀rọ ló ṣorí kunkun, bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́.

Obìnrin náà wo gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti dé ọ̀pọ̀ ilé, ó ti mọ ìgbà tí kì í ṣe ẹ̀rọ ló ní ìṣòro. Ó ká wáyà rẹ̀. "Ibí yìí wù mí," ló wí. "Ẹ tún gbìyànjú lọ́dún tó ń bọ̀."

Nígbà tí mọ́tò rẹ̀ ti lọ, Múdàṣírù gbé àpò ọsàn náà kalẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

"Ó yẹ kí n dákẹ́," ló wí. "Ì bá gbà, ká ní mo dákẹ́."

Bánjọ yíjú sí ibòmíràn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ òkú Àrínọlá, ọ̀rọ̀ Múdàṣírù àkọ́kọ́ tó gbà gbọ́ nìyẹn. Ọkùnrin náà yí padà, ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sójú ọ̀nà láti wá ọkọ̀.

Ẹ̀yínadé bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn kọ̀ńpútà náà. Ó lè pa gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá wọn. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń lọ láti tábìlì dé tábìlì, ó ń fọwọ́ pa ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń dúró kí ojú rẹ̀ dúdú kó tó lọ sí èkejì. Bánjọ ń tẹ̀lé e lẹ́yìn.

"Dá a padà báyìí," ló wí. "Mo ti fẹnu ara mi sọ ọ́."

"Ta ló fẹ́ pè wọ́n, Bàámi?"

"Dá a padà náà."

"Ẹ jẹ́ kí n pa wọ́n. Epo ń jó lásán."

Wọn kò jà. Bánjọ ì bá fẹ́ kí wọ́n jà, nítorí ó mọ bí wọ́n ti ń ja ìjà. Ẹ̀yínadé fọ aṣọ rẹ̀, ó dì í. Ó gún iyán fún bàbá rẹ̀ lálẹ́ tó ṣáájú ìrìn àjò rẹ̀, ó sì fi ẹran tó pọ̀ jù sí i. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n jọ lọ sí gáréèjì. Ó wọ ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bánjọ dúró nísàlẹ̀, ó di irin fèrèsé náà mú.

"Ẹ máa tan jẹnẹrétọ̀ náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kó má baà bàjẹ́," ni Ẹ̀yínadé wí.

"Màá máa tàn án."

"Ẹ ò tíì bi mí rí, Bàámi."

"Kí ni?"

"Bí ojú wọn ṣe rí. Màámi. Èmi wà níbẹ̀. Mo rí wọn."

Awakọ̀ ti wọlé, ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pa. Bánjọ ń wo ọmọ rẹ̀. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ó ti di ìbínú rẹ̀ mú tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi rántí rí pé ẹnìkan wà nínú ilé òun tó lè sọ fún òun. Ó fẹ́ béèrè. Ọkọ̀ ti ń lọ, ọwọ́ rẹ̀ sì bọ́ lára irin náà.

Ìjọ rẹ̀ ní kó jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ máa ṣe ìpàdé nínú gbọ̀ngàn náà. Ó ní rárá. Ó ń tan jẹnẹrétọ̀ náà bí ó ti ṣèlérí, ó sì ń jókòó nínú ilé náà títí yóò fi pa á. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ńpútà, kò sì bi ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yínadé máa ń pè é lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn. Nígbà kan, Bánjọ bi í nípa iṣẹ́ rẹ̀.

"Ṣé àwọn kọ̀ńpútà ibẹ̀ pọ̀ ju ti ibí lọ?"

"Wọ́n pọ̀ jù ú lọ púpọ̀, Bàámi. Àjà mẹ́ta ni wọ́n kún."

"Ìwọ náà lo ń sọ wọ́n lórúkọ?"

"Èmi ni. Bí mo ṣe ṣe é nílé náà ni mo ṣe é níbí."

"Kí lo wá sọ wọ́n?"

Bánjọ ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ níbi tí ọmọ rẹ̀ wà. "Nọ́ńbà ni," ni Ẹ̀yínadé wí. "Wọn ò fẹ́ orúkọ níbí. Nọ́ńbà nìkan."

Bánjọ gbìyànjú láti fojú inú wo àjà mẹ́ta tí kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ ń rìn láàárín wọn. Ó dùn ún ju bí orúkọ Ijurin ti dùn ún lọ.

"O ti jẹun?" ló bi í.

"Mo ti jẹun. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Mo ti jẹun."

"Ó dáa, Bàámi. Màá tún pè yín."

Ó pa fóònù. Bánjọ kò gbé tirẹ̀ kúrò létí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bi í bí ojú ìyá rẹ̀ ṣe rí ni.